Bodrum ní etí òkun Tọ́kì: ibojì ọba ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá dé Bodrum, ilé olódi ńlá tó dúró lórí àpáta lẹ́nu èbúté ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń forí lé. Èmi kò gba ibẹ̀. Ibojì Mausolus, alákòóso ìlú yìí láyé àtijọ́, ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí òkúta ibojì yẹn ni wọ́n kó lọ mọ ilé olódi náà. Ẹni tí kò bá tíì rí ibi tí wọ́n ti wú òkúta kò ní mọ ohun tó ń wò lára ògiri. Bí mo ṣe tò ó rèé, pẹ̀lú ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbéra nílé.

Ọ̀rọ̀ físà ló ṣáájú. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Tọ́kì kó tó kúrò nílé. Àwọn ènìyàn wa tó ní ti Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀ mọ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn tó ní ti Amẹ́ríkà náà kò nílò rẹ̀ mọ́ báyìí. Wọ́n lè lo 90 ọjọ́ láàárín 180. Ẹ̀yin tí ẹ gba físà, ẹ wò ó dáadáa bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fún yín láyè láti wọlé. Ìdí ni pé erékùṣù Kos, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Gíríìsì, wà ní ọ̀ọ́kán Bodrum. Ọkọ̀ ojú omi tó yára kì í lò tó wákàtí kan débẹ̀, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì kún etí èbúté. Tí ẹ bá fi físà ẹ̀ẹ̀kan kọjá sí Kos, ẹ ti jáde ní Tọ́kì nìyẹn, físà náà ti tán, ẹ kò sì ní lè padà wá kó ẹrù yín ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kos fúnra rẹ̀ tún ń béèrè físà Schengen.

Láti Èkó, Turkish Airlines ń fò tààrà lọ sí Istanbul, ibẹ̀ ni ẹ óò ti wọ bàálù mìíràn lọ sí pápákọ̀ Milas-Bodrum, bíi wákàtí kan àti díẹ̀. Ibi tí èèyàn ti ń pàdánù bàálù kejì ni pé pápákọ̀ òfurufú méjì ló wà ní Istanbul: IST wà ní apá Yúróòpù, SAW (Sabiha Gökçen) wà ní apá Éṣíà, odidi ìlú àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ ló sì wà láàárín wọn. Tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí owó pọ́ọ́kú, ẹ rí i dájú pé lẹ́tà mẹ́ta tó wà lára wọn bára mu.

Pápákọ̀ Milas-Bodrum jìnnà sí ìlú tó kìlómítà 36. Takisí wọ́n gan-an. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ bi awakọ̀ bóyá àárín ìlú ló ń lọ tàbí otogar, ìyẹn gáréèjì ńlá, nítorí otogar tuntun wà ní Torba, lẹ́yìn ìlú, ẹni tó bá sì bọ́ọ́lẹ̀ síbẹ̀ yóò tún wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Láàárín ìlú àti àwọn abúlé etí òkun, dolmuş, bọ́ọ̀sì kékeré akérò, ni ọkọ̀ gbogbo ayé. Orúkọ ibi tó ń lọ wà lára gíláàsì iwájú, owó lírà lẹ ó fi san, ẹ lè na owó sí ẹni iwájú kó bá yín nà án dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, ṣéńjì á sì gba ọ̀nà yẹn padà. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ ké pé "inecek var". Nídìí ẹ̀rọ ATM, tí ó bá bi yín pé ṣé kó yí owó náà sí pọ́n-ùn tàbí dọ́là fún yín, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó ṣírò rẹ̀ ní lírà. Bánkì yín nílé á yí i ní iye tó sàn ju tiwọn lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ibojì. Àárín àwọn ilé funfun ló wà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín láti etí èbúté, ó sì dáa kí èèyàn débẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí oòrùn tó gorí. Mausolus ni gómìnà tó ń ṣàkóso Káríà, agbègbè tí ìlú yìí wà, lábẹ́ ọba Páṣíà, Halikarnassos sì ni wọ́n ń pe Bodrum nígbà náà. Ó kú ní ọdún 353 kí wọ́n tó bí Jésù. Artemisia, arábìnrin rẹ̀ tó tún jẹ́ aya rẹ̀, ló jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ibojì náà ga tó bíi mítà 45: ìpìlẹ̀ gàgàrà nísàlẹ̀, òpó 36 lórí rẹ̀, òrùlé alátẹ̀gùn 24 lórí òpó, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ní téńté òkè. Ó wà lára ohun ìyanu méje ayé àtijọ́.

Ẹ má retí ilé o. Ihò fífẹ̀ onígun mẹ́rin ni ẹ óò bá, pẹ̀lú gígé òpó mábù róbótó róbótó tó sùn kiri. Ọ̀pọ̀ àlejò á wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n á ní owó àwọn ti ṣòfò, wọ́n á jáde. Ohun tó fà á ni pé wọn kò sọ̀kalẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ àtẹ̀gùn sínú àpáta. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yìí ni àwọn awalẹ̀pìtàn ará Denmark, tí Kristian Jeppesen ṣáájú wọn, ti bá ìyókù ẹbọ ìsìnkú: egungun màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, adìyẹ àti ẹyẹlé, títí kan ẹyin. Òkúta ràbàtà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi dí ẹnu yàrá òkú náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ dúró tì í, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, ewé tó fẹ́ jọ eérú, nítorí àwọ̀ yẹn ni ẹ óò máa wá nígbà tí ẹ bá dé ilé olódi. Nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ẹ óò rí àwòkọ àwọn ère ara ògiri níbi tí àwọn Gíríìkì ti ń bá àwọn Amásónì, obìnrin jagunjagun inú ìtàn wọn, jà. Àwọn ojúlówó wà ní London, ní yàrá 21 ní British Museum: Charles Newton, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, ló walẹ̀ kó díẹ̀ nínú wọn lọ láti ọdún 1856. Àwọn ọmọ Yorùbá London tó ti lọ wo orí ọba Ifẹ̀ nínú ilé kan náà lè yà síbẹ̀ lófẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó wá sí Bodrum rárá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ibojì, mo sọ̀kalẹ̀ padà sí etí omi, mo wọ ilé olódi. Àwọn jagunjagun onígbàgbọ́ tí à ń pè ní Knights of St John ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí Timur, aṣẹ́gun láti Àárín Gbùngbùn Éṣíà, gba odi wọn ní Smyrna (İzmir òde òní) lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1402. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó ibojì náà palẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n bá sọ ọ́ di ibi ìwú-òkúta. Wọ́n kó òkúta rẹ̀ láti fún ògiri lókun ní ọdún 1494, wọ́n sì tún kó o ní 1522 nígbà tí ẹ̀rù Sultan Suleiman, ọba àwọn Ottoman, ń bà wọ́n. Gbogbo ìyẹn kò gbà wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1523 wọ́n kó ẹrù, wọ́n lọ. Bí ẹ ti ń gun òkè láti ẹnu-ọ̀nà kan sí òmíràn, ẹ fi ojú wá òkúta ńláńlá onígun mẹ́rin, aláwọ̀ ewé-eérú, tí igun wọn mú ṣáṣá, láàárín àwọn òkúta kéékèèké tó yí wọn ká. Òkúta ibojì nìyẹn. Àmì oyè àwọn jagunjagun náà wà káàkiri, ó lé ní 200. Ilé ìṣọ́ márùn-ún ló wà: ti Faransé, ti Ítálì, ti Jámánì, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ejò. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn di mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn 1523. Ìbọn ọkọ̀ ogun Faransé wó mínárẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní 1915, wọ́n tún un kọ́ ní 1997.

Inú ilé olódi yìí ni musíọ̀mù àwọn ọkọ̀ tó rì sínú òkun wà, èyí ló sì yẹ kó gba àkókò yín jù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ní ibi tíkẹ́ẹ̀tì bóyá gbọ̀ngàn Uluburun ṣí, nítorí wọ́n máa ń ti àwọn yàrá kan fún àtúnṣe. Awomi kan tó ń wá kànìnkànìn inú òkun ló rí ọkọ̀ Uluburun ní 1982, nítòsí Kaş. Ó ti rì láti nǹkan bí ọdún 1300 kí wọ́n tó bí Jésù. Jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà 44 sí 61, nítorí náà awomi kọ̀ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ ju bíi ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Láti 1984 dé 1994, wọ́n wọ omi ju ìgbà 22,000 lọ kí wọ́n tó kó o tán. Ẹrù rẹ̀ ni bàbà tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá àti tánganran tó tó tọ́ọ̀nù kan. Ìwọ̀n mẹ́wàá sí ọ̀kan yìí gan-an ni wọ́n fi ń ṣe idẹ ìgbà náà, nítorí náà odidi ohun ìjà ogun ló wà nínú ọkọ̀ kan yìí. Ẹ sún mọ́ bàbà náà: àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ní apá mẹ́rin bí awọ màlúù tí wọ́n nà sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó bíi kílò 24, apá yẹn ni wọ́n sì ń dì mú tí wọ́n bá fẹ́ gbé e. Igi dúdú láti ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀, eyín erin, eyín erinmi, èèpo ẹyin ògòǹgò, àti àmì wúrà kékeré tí wọ́n kọ orúkọ Nefertiti, olorì Íjíbítì, sí.

Ẹ ya wákàtí mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ilé olódi, ó kéré tán. Àtẹ̀gùn pọ̀, òkúta ilẹ̀ ti dán, ó ń yọ̀. Bàtà tó gbámú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ra omi inú ike dání, nítorí àwọn èèyàn kì í mu omi ẹ̀rọ níhìn-ín.

Gbọ̀ngàn ìwòran ìgbàanì wà lára òkè lẹ́bàá títì ńlá; ó ń gba nǹkan bí 13,000 èèyàn, ìrọ̀lẹ́ ló dára láti gùn ún. Ẹnubodè Myndos, níbi tí Alexander, ọba Masedóníà, ti dojú ìjà kọ ìlú ní ọdún 334 kí wọ́n tó bí Jésù, wà ní ìparí ìlú lápá ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí àyè kò bá gbà lè fo èyí.

Ọjọ́ kejì ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún omi. Àwọn ọkọ̀ onígi tí wọ́n ń pè ní gulet máa ń tò sí èbúté. Wọ́n máa ń gbéra ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá ààbọ̀, wọ́n á sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ lọ bá wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ibi mélòó ni wọ́n máa dúró, ṣé oúnjẹ ọ̀sán wà nínú owó náà, èló sì ni ohun mímu, torí ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gba owó ìyẹn. Ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, afẹ́fẹ́ meltemi máa ń fẹ́ láti àríwá lọ́sàn-án, omi á sì ru nígbà tí ẹ bá ń padà. Ẹni tí òkun máa ń dà láàmú, kó jókòó sí àárín ọkọ̀, kó má lọ síwájú. Oṣù Kàrún, Ìkẹfà àti Ìkẹsàn-án rọ̀ ju ìyẹn lọ, owó yàrá sì máa ń wálẹ̀.

Tí ebi bá ń pa yín lẹ́yìn náà, ẹ béèrè çökertme: ẹran màlúù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́, lórí ànàmọ́ òyìnbó díndín àti yógọ́ọ̀tì aláàyù. Ní ti ẹja, kílò ni wọ́n fi ń tà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n níṣojú yín, kí wọ́n sì dárúkọ iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí iná.