Bí a ṣe ń tọ́ ẹmu wò láti àárọ̀ di alẹ́

Àwọn tó ń mu wáìnì èso àjàrà a máa béèrè ọdún tí wọ́n kórè èso rẹ̀. Ní ti ẹmu, wákàtí là ń béèrè. Ẹmu tí ẹ rà láàárọ̀ kọ́ lẹ máa bá nínú kẹ́ẹ̀gì nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn ẹmu ní tòótọ́, kó ra ẹyọ kẹ́ẹ̀gì kan, kó sì máa padà sídìí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ igi tó ti wá. Orí ọ̀pẹ tó ń so ẹyìn ni wọ́n ti ń dá ẹmu ọ̀pẹ. Igi ògùrọ̀ ní tirẹ̀ ń hù lábàtà, ó sì pọ̀ lápá Ẹ̀pẹ́, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ẹmu tirẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń se ògógóró. Lẹ́nu tèmi, adùn ẹmu ọ̀pẹ ló ń pẹ́ lẹ́nu jù.

2. Ẹ lọ bá adẹ́mu fúnra rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán bó bá ṣeé ṣe. Ẹ kí i: “Igbà á rọ̀ o!” Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi í pé, “Ìgbà wo lẹ gbé e sọ̀, bàbá?” Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì ju iye owó lọ, torí adẹ́mu ń gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹmu àná sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní.

3. Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì náà pinpin. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹmu lè bẹ́ ẹ. Ẹ gbé e síbi tútù, ẹ má sì mì ín, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sílẹ̀. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ kòkòrò kúrò.

4. Ẹ bu ti àárọ̀ sínú igbá tàbí ife. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó fi kan ẹnu. Ẹ mu díẹ̀, ẹ dá a dúró lórí ahọ́n, ẹ má tètè gbé e mì. Yóò dùn bí omi àgbọn, yóò sì máa ta ahọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìwúkàrà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń jẹ ṣúgà inú ẹmu, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Kí akèrègbè tó kúrò lórí ọ̀pẹ ni iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, torí ìwúkàrà àná ṣì wà lára akèrègbè náà.

5. Ẹ padà sí i lọ́sàn-án. Àsìkò tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Adùn ti dín kù, kíkan ti ń yọjú, ọtí sì ti ń le. Ẹ jẹ obì díẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Ìkorò obì á jẹ́ kí ìwọ̀nba adùn tó kù hàn ketekete. Àsun tó ta lẹ́nu dáadáa náà bá a mu. Bí olórìṣà Ọbàtálá bá wà láàárín yín, ẹ má gbé e fún un o, èèwọ̀ rẹ̀ ni.

6. Ẹ tún tọ́ ọ wò lálẹ́. Ó ti le, ó sì ti kan. Ibí yìí ni àṣírí oníjìbìtì ti ń tú. Àwọn kan a máa bomi la ẹmu, kí wọ́n sì da sákárìn, ohun àtọwọ́dá tó ń dùn bíi ṣúgà, sí i. Ìwúkàrà kì í jẹ sákárìn. Nítorí náà, ẹmu tó bá ṣì ń dùn lálẹ́ bó ṣe dùn láàárọ̀, tí ìkorò kékeré kan sì ń tẹ̀lé e nídìí ahọ́n, ẹ fura sí i.

Ẹmu inú ìgò ò wúlò fún irú ìtọ́wò yìí. Wọ́n ti fi iná pa ìwúkàrà rẹ̀ kó má baà kan, iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, ti ṣe lé lórí. Ó dára fún ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò rí adẹ́mu, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì nù. Ìwúkàrà ló kún inú rẹ̀. Ẹ fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì lálẹ́, ẹ bò ó, yóò ti wú kí ilẹ̀ tó mọ́.