Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́ kí n tó kó àwọn ọmọ lọ sí Ìsẹ́yìn fún ọlidé

Tí oṣù kẹfà bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwa Yorùbá tí a wà ní Manchester máa ń bi ara wa: ṣé ẹ̀ ń lọ sílé lọ́dún yìí? Nọ́ọ̀sì ni mí, abiyamọ ni mí, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ìgbà tí ilé ìwé bá gba ọlidé ní ìparí oṣù keje nìkan ni mo lè kó àwọn ọmọ lọ, torí òbí tó bá yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì láàárín táàmù ní England, wọ́n lè ní kó san owó ìtanràn £80 lórí ọmọ kan. Tí ọjọ́ 21 bá kọjá tí kò san án, ó di £160. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí gbogbo wa máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lásìkò kan náà, tí owó rẹ̀ sì ń ga sókè.

Ẹni tó ń kó ọmọ lọ sílé fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo kọ èyí fún. Ìwé, oògùn àti ẹrù, ibí ni kí ẹ ti parí gbogbo ẹ̀, kí ọkàn yín lè balẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn òbí yín tí ẹ bá délé. Tìtorí wọn la ṣe ń lọ.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ọmọ tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù òyìnbó nìkan ló ní gbọ́dọ̀ gba físà, àyàfi tí ẹ bá ti ṣe ti Nàìjíríà fún un. Ti Nàìjíríà ni èmi fara mọ́, torí ilé bàbá wọn ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ kì í ṣe nǹkan tí ẹ máa fi sílẹ̀ di oṣù kẹfà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí òtútù ṣì ń mú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ìparí ọdún 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé ìgbélùú yín wà báyìí. Tí ẹ bá ti gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ UKVI, àjọ físà ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ tó kúrò nílé. Tí ẹ kò bá ṣe é, Èkó ni wàhálà rẹ̀ á ti bá yín nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹni tó bá sì ti di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kó mú pásípọ́ọ̀tù méjèèjì dání. Tó bá jẹ́ ìyá nìkan ló ń kó ọmọ lọ, kí bàbá kọ lẹ́tà pé òun mọ̀ sí ìrìn àjò náà, kó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ibà ni mi ò lè sáré sọ. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé, "Àbí kì í ṣe ilé wa ni? Ẹ̀fọn wo ló fẹ́ pa mí?" Ẹ jọ̀wọ́, ara tó ti pẹ́ ní òkè òkun kò ní agbára tó fi ń kojú ibà tẹ́lẹ̀ mọ́, ọmọ tí wọ́n bí síbí kò tilẹ̀ ní in rí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ apòògùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú. Oògùn ìdènà ibà tó ń jẹ́ atovaquone-proguanil, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Malarone, ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbéra ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, lójoojúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ, títí ọjọ́ 7 fi máa kọjá lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé. Bí ọmọ bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n ń wò fún un ní tiẹ̀, nítorí náà ẹ wọn ọmọ nílé kí ẹ tó lọ. Doxycycline, oògùn ìdènà ibà mìíràn, kò wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kì í san owó oògùn ìdènà ibà, ẹ ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever) gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára kí ẹ tó débẹ̀. Káàdì yẹ́lò, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà, tẹ́ ẹ bá gbà, títí ayé ni. Ti táífọ́ọ̀dù, ẹ béèrè lọ́wọ́ GP, dókítà ìdílé yín, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹrù ńkọ́? Ẹ má kó ẹrù fún gbogbo àdúgbò. Ẹ pe ilé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò gan-an, kí ẹ sì wo iye kílò tí tíkẹ́ẹ̀tì yín gbà. Páwà báǹkì àti oògùn tí ẹ ń lò, inú báàgì ọwọ́ ni kí ẹ kó o sí. Púlọ́ọ̀gì ti ibí bá ojú iná Nàìjíríà mu, ẹ má ra adápítà kankan.

Ohun kan tí mi ò ní fi sílẹ̀ láé ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, nítorí màámi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ẹ tó rà á, ẹ ní kí àbúrò yín nílé fi téèpù wọn yípo apá ìyá yín, láàárín èjìká àti ìgúnpá, kó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Aṣọ ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń wé mọ́ apá, tó bá kéré jù, nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ ló máa gbé jáde, ẹ̀rù á sì bà wọ́n lásán. Tí ẹ bá délé, ẹ kọ́ wọn: kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì fara kan ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Àárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa ya fọ́tò ìwé yẹn ránṣẹ́ sí yín.

Owó: látìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti yí padà pátápátá. Ẹ béèrè iye ohun jíjẹ àti owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ará ilé kí ẹ tó ṣètò owó. Ẹ sì ra káàdì sórí láìnì Nàìjíríà yín láti ibí, kó má baà kú.

Tí bàlúù bá balẹ̀ lálẹ́, ẹ sun Èkó. Láàárọ̀, ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ lè wọ rélùwéè ní Agége, tí kò jìnnà sí Ìkẹjà, títí dé Mọ́níyà. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó gba Ìjàyè kọjá, ẹ ò ní wọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìbàdàn rárá. Ẹrù tó bá pọ̀, ẹ háyà bọ́ọ̀sì.

Kí àwọn ọmọ tó kúrò níbí ni kí wọ́n ti mọ ìkíni: kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní oríkì wọn pẹ̀lú. Àkànní ni màámi ń pe ọmọkùnrin mi, inú wọn sì máa ń dùn dọ́ba tó bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ aṣọ òfì, ẹ ti fi ìwọ̀n àti àwọ̀ ránṣẹ́ sí ahunṣọ ṣáájú. Sányán àti ẹtù kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbi òfì, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ.

Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ má tíì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ pé ẹ ti dé. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín. Lórí fóònù, "dáadáa ni mo wà" ni wọ́n máa ń sọ, ojú ló ń rí òótọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àga. Ẹ wo páálí oògùn wọn: ṣé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ṣé ó ń tán bó ṣe yẹ, àbí wọ́n ń pín in sí méjì kó lè pẹ́? Ẹ bá wọn jẹun, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń jẹun kánú. Ẹ tẹ̀ lé wọn lọ rí dókítà lọ́jọ́ kan, kí ẹ fetí ara yín gbọ́ ohun tó sọ.

Tí ẹ bá ń padà bọ̀, wàrà, ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ kò ṣe é kó wọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, bó ti wù kó dùn tó. Ẹja gbígbẹ lè wọlé, kó má ti ju 20 kílò lọ. Ẹ má sì dá oògùn ibà dúró torí pé ẹ ti padà dé. Tí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná láàárín ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún wọn níbẹ̀ jẹ́ pé ẹ lọ sí Nàìjíríà.