Ọwọ́ tó ń fín igbá ni wọ́n fẹ́ rí

Iṣẹ́ igbá fífín ni bàbá mi ń ṣe ní Ọ̀yọ́, ọwọ́ bàbá tiwọn ni wọ́n sì ti bá a. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ á wá igbá wá sí ojúlé wa, tàbí kó lọ bá ìyá mi ní ìsọ̀ wọn ní Akẹ̀sán, lẹ́bàá ààfin. Nígbà tó fi máa di 2023, ike àti abọ́ onígíláàsì ti gbapò igbá nínú ẹrù ìyàwó ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá, ẹnì kan ò ní béèrè èló ni. Igbá gbígbẹ á kún orí àjà, bàbá mi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìmú ọ̀bẹ dání. Mi ò lè máa wo ìyẹn níran. Mo ní fóònù, mo ń ra dátà; mo ní màá wá oníbàárà fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo kọ́kọ́ to igbá mẹ́fà sórí tábìlì lálẹ́, mo yà wọ́n lábẹ́ iná gílóòbù, mo kọ Òyìnbó díẹ̀ sí i, mo gbé e sórí Facebook mi. Láìkì mọ́kànlá ni mo rí. Mọ̀lẹ́bí ló ni mẹ́sàn-án níbẹ̀. Àwòrán yẹn ṣókùnkùn débi pé ọnà ara igbá kò hàn rárá. Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, onígbá ló ń pe igbá ẹ̀ ní pankara kí wọ́n tó bá a fi kólẹ̀. Ṣé bí igbá bàbá ẹ ṣe rí nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, òwúrọ̀ ni mò ń ya igbá, níta, lábẹ́ òjìji ilé níbi tí oòrùn ò ti ní í kọ mànà. Mo sì ṣí péèjì lọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà, torí pé ọ̀rẹ́ tí èèyàn lè ní lórí Facebook tara rẹ̀ kò lè ju 5,000 lọ, ṣùgbọ́n péèjì kò ní gbèdéke yẹn, á sì tún máa fi han èèyàn ìlú tí àwọn tó ń wò ó wà.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni èyí tí mo fowó rà. Ẹnì kan ní òun á fi èèyàn 2,000 kún àwọn tó ń tẹ̀lé péèjì náà, mo sì san ₦15,000. Wọ́n pé lóòótọ́, láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ mo gbé igbá tuntun sórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹrù ìyàwó, ni mo kó jọ. Oṣù kejì ni mo pa péèjì yẹn tì, mo ṣí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó ra èèyàn. Ọgbọ̀n èèyàn tó mọ̀ yín dáa ju 2,000 tí kò mọ̀ yín lọ.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Bàbá mi ń fín igbá lọ́wọ́, mo na fóònù lé èjìká wọn. Wọn ò mọ̀ pé mò ń yà á. Àtàǹpàkò wọn tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ mọ́lẹ̀, igbá ni wọ́n ń yí, ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ibi tí ọ̀bẹ bá gbà, èèpo pupa á ká kúrò, funfun á yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ fúù, eruku fò. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń fín. "Alángbá ni. Àbí o ò rí ìrù ẹ̀ ni?" Ìṣẹ́jú kan péré ni fídíò yẹn. Mi ò fi orin sí i, mi ò kọ Òyìnbó kankan. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti pín in káàkiri, wọ́n ń kí bàbá mi: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọnà o." Obìnrin kan láti ìlú Ọba kọ ọ́ pé ohùn wọn jọ ti bàbá òun tó ti lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn èèyàn fẹ́ rí ọwọ́ kí wọ́n tó ra igbá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Tuesday àti Friday: bí a ṣe ń rẹ igbá sómi títí inú rẹ̀ á fi jẹrà, bí a ṣe ń là á, bí a ṣe ń ha á, bí a ṣe ń sá a. Mo máa ń dá gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lóhùn, mo máa ń dárúkọ wọn. Iṣẹ́ gidi nìyẹn o, ó máa ń gba wákàtí kan lójúmọ́. Nígbà tí péèjì fi hàn mí pé Èkó àti Ìbàdàn ni èyí tó pọ̀ jù ń gbé, tí wọ́n sì máa ń jókòó ti fóònù lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, mo kó ìgbà tí mò ń gbé e jáde síbẹ̀.

WhatsApp Business ni mo ń tà á lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, mo sì to igbá pẹ̀lú iye wọn síbẹ̀ kí n má baà máa tún un sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá fi broadcast ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo (èèyàn 256 ni ó pọ̀ jù lórí lísìtì kan) kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà wa pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ra ahá kan péré lọ́wọ́ mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi nọ́ńbà wa pamọ́.

Àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó ló mú ọjà wa gbòòrò jù. Mo wá wọn kiri lórí Instagram, mo fún alága kan ní Ìbàdàn ní igbá méjì lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní kó ṣáà máa lò ó. Àwọn tó wá síbi ìdána yẹn ló béèrè ibi tó ti rà á.

Igbá àkọ́kọ́ tí mo fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Èkó láti Owódé ní Ọ̀yọ́ fọ́ sí méjì. Mo dá owó padà, mo sunkún. Lẹ́yìn náà, mo kọ́ bí a ṣe ń di igbá: bébà nínú ikùn rẹ̀, fóòmù lára rẹ̀, páálí méjì. Mo ya fídíò rẹ̀, mo sì ju páálí náà sílẹ̀ láti orí tábìlì kí wọ́n lè rí i. Ẹ gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn: "Yéè!" Igbá náà kò fọ́. Fídíò yẹn mú oníbàárà wá ju ti alángbá lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, 2025, tí wọ́n ṣe ìwúyè Aláàfin Akeem Owoade, mo ṣe fídíò bí àlejò ṣe lè ti Akẹ̀sán dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n wá. Orí àjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan láti àdúgbò wa wá bá bàbá mi, ó ní òun rí wọn lórí fóònù ọ̀rẹ́ òun, òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Bàbá mi fún un ní àkúfọ́ igbá àti ọ̀bẹ kékeré, wọ́n ní kó máa fa ìlà tààrà lé e títí di ìrọ̀lẹ́.