Bí A Ṣe Ń Ṣàkọsílẹ̀ Ẹ̀fọ́rí Túúlu Tó Ti Di Bárakú àti Bí A Ṣe Ń Yan Kóòdù Rẹ̀

Ohun tí dókítà kọ sínú fáìlì nìkan ni ẹni tó ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dúró fún àìsàn àti ìtọ́jú, ní lọ́wọ́. Kì í bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òye ara rẹ̀ dí àlàfo tó bá wà nínú ìwé. Nítorí náà, bí kóòdù yóò bá tọ̀nà, inú yàrá àyẹ̀wò ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. ICD-10-CM, ìlànà kóòdù àìsàn tí wọ́n ti ń lò ní Amẹ́ríkà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ni mo ń ṣàlàyé níhìn-ín.

Ẹ ka ọjọ́, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n

Ìlànà ICHD-3, tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀fọ́rí lágbàáyé gbé kalẹ̀, sọ pé túúlu di bárakú nígbà tí orí bá ń fọ́ni ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù 3 lọ, tí ó kéré tán ọjọ́ 8 lóṣù sì ní àbùdá túúlu: kí apá kan orí máa lù kìkì, kí ìrìn mú un le sí i, kí èébì máa gbéni, kí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo máa nini lára. Iye méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. “Orí ń fọ́ aláìsàn lemọ́lemọ́” kò tó. Ohun tó tó ni irú èyí: “Láti oṣù 5 sẹ́yìn, orí ń fọ́ ọ ní ọjọ́ 18 lóṣù, ní ọjọ́ 10 nínú wọn, apá òsì ló ń lù kìkì, èébì ń gbé e, kò sì lè wo ìmọ́lẹ̀.”

Aláìsàn kì í sábà ka ọjọ́ tí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ kò le. Ọjọ́ tó dá a dùbúlẹ̀ nìkan ló máa ń rántí, iye tó bá sì sọ á kéré sí òótọ́. Ìbéèrè tó dára jù ni pé: “Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni orí kò fọ́ yín rárá, tí ara yín dá ṣáká?” Kí ẹ yọ iye yẹn kúrò nínú iye ọjọ́ oṣù. Ẹ tún ní kí ó máa sàmì sí kàlẹ́ńdà lójoojúmọ́, kí ó sì máa kọ oògùn tó lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun mẹ́ta tó ń yí kóòdù padà

Èkíní ni aura, ìyẹn àwọn àmì tó sábà máa ń ṣáájú ẹ̀fọ́rí, bíi kí ojú máa rí ìlà ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà tàbí kí apá kan ara kú tipiri. Èkejì ni bóyá àìsàn náà jẹ́ intractable, èyí tí oògùn kò ràn. Bí dókítà bá kọ refractory, treatment resistant tàbí poorly controlled, ìwé ìlànà gbà pé ohun kan náà ni wọ́n. Ẹ̀kẹta ni status migrainosus, ìyẹn ẹ̀fọ́rí túúlu tó le gan-an, tó sì kọjá wákàtí 72 láìlọ.

Bí kò bá sí aura, tí oògùn ń ràn án, tí kò sì sí status migrainosus, G43.709 ni kóòdù rẹ̀. Bí oògùn kò bá ràn án, ó di G43.719. Bí status migrainosus bá wà, G43.701 ni fún èyí tí oògùn ń ràn, G43.711 sì ni fún èyí tí kò ràn. Fún túúlu bárakú tó ní aura, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni a ti ní G43.E09, G43.E19, G43.E01 àti G43.E11, ní ọ̀nà kan náà.

Ẹ má ṣe sáré lọ sí G43.909, tí kò sọ irú túúlu tó jẹ́, nígbà tí ìwé dókítà ti ṣàlàyé tó. Ẹ má sì fi R51.9, kóòdù ẹ̀fọ́rí lásán, kún kóòdù túúlu. Bí dókítà bá kọ “ó ṣeé ṣe kó jẹ́ túúlu bárakú” fún aláìsàn tí kò sùn sílé ìwòsàn, àmì àìsàn ni kí ẹ kọ kóòdù rẹ̀, nítorí a kì í kọ kóòdù àìsàn tí kò tíì dájú fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Oògùn ìrora tó pọ̀ jù

Ẹni tó ń lo paracetamol ní ọjọ́ 15 lóṣù, tàbí triptan, irú oògùn túúlu kan, ní ọjọ́ 10, fún ohun tó ju oṣù 3 lọ, lè ní ẹ̀fọ́rí mìíràn tí oògùn náà gan-an fà. Bí dókítà bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a óò fi G44.40 tàbí G44.41 kún ti túúlu, pẹ̀lú kóòdù tó fi lẹ́tà T bẹ̀rẹ̀, tó dárúkọ oògùn náà. Dókítà ló gbọ́dọ̀ so oògùn mọ́ ẹ̀fọ́rí. Ẹni tó ń kọ kóòdù kò lè so ó fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ Botox

Ibí yìí ni àkọsílẹ̀ tí kò péye ti ń pa aláìsàn lára jù, torí ilé iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó, ẹni tí orí ń fọ́ á sì máa jẹ̀rora títí wọn yóò fi tún ìwé kọ. Ọdún 2010 ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí Botox, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀fọ́rí, fún túúlu bárakú: yúnìtì 155, ojú ibi 31 ní orí àti ọrùn, ní ọ̀sẹ̀ 12 sí 12. Kí ìwé sọ oògùn ìdènà tí aláìsàn ti lò tẹ́lẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìdí tó fi dáwọ́ dúró. Kí ó sọ ibi tí wọ́n gún, iye yúnìtì níbẹ̀, àti nọ́ńbà lot (ìdìpọ̀ tí wọ́n ti ṣe é) tó wà lára ìgò. Kóòdù iṣẹ́ náà ni 64615, tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan péré nítorí ó ti kó apá ọ̀tún àti òsì pọ̀. Ti oògùn ni J0585, yúnìtì kọ̀ọ̀kan sì ni a ń kà. Bí ìgò bá jẹ́ yúnìtì 200, tí a lo 155, yúnìtì 45 tí a dà nù gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú àmì JW, tó fi hàn pé a da oògùn nù.

Bí nǹkan kan bá ṣófo nínú ìwé, ẹ kọ ìbéèrè sí dókítà kí ẹ tó fi kóòdù ránṣẹ́. Kí ìbéèrè náà má ṣe darí rẹ̀ síbi kan. Dípò “Ṣé intractable ni?”, ẹ bi í pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí ẹ̀fọ́rí aláìsàn yìí ṣe ń gba oògùn sí.”