Alẹ́ Tí A Tọ Ipasẹ̀ Àwọn Ọ̀daràn Láti Ilé Ọtí Dé Ilé Ọtí ní Edinburgh

Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò kan ọtí o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, torí òun ni gbogbo ẹni tí mo bá sọ ìrìn yìí fún, èyí tí afinimọ̀nà fi mú wa kiri àwọn ilé ọtí tó ní ìtàn ọ̀daràn ní Edinburgh, ní Scotland, máa ń kọ́kọ́ béèrè. Owó tí ẹ san, owó ẹnu afinimọ̀nà ni. Ohun tí ẹ bá fẹ́ mu, ẹ ó lọ rà á fúnra yín ní káńtà, torí wọn kì í wá bá èèyàn nídìí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ lọ kì í fẹnu kan ọtí rárá. Omi ọsàn ló mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Oríṣi méjì ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tí mo rí ní Edinburgh. Ọ̀kan máa ń fi iwin dẹ́rù ba èèyàn, ẹnìkan á ti wọ aṣọ dúdú sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀, á sì fò jáde lójijì. Èkejì ni èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú ìwé ẹjọ́, ta ló pa ta, níbo, kí ni adájọ́ wí. Èyí la mú. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Ọdún 18 ni òfin ibẹ̀ fi sí, ṣùgbọ́n ní Scotland, ẹni tó bá jọ pé kò tíì pé ọdún 25, dandan ni kí wọ́n bi í. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé lógójì. Ó na ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí wọn láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, ọmọkùnrin tó wà ní káńtà sì rẹ́rìn-ín títí. Bàtà náà ṣe pàtàkì. Òkúta róbótó róbótó ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà àtijọ́ wọ̀nyẹn, bí òjò bá sì ti kàn án, ó ń yọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Giles, lórí Royal Mile, òpópónà àtijọ́ àárín ìlú, la ti pàdé lọ́jọ́rọ̀. Obìnrin ni afinimọ̀nà wa, ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa, kò sì lo gbohùngbohùn. Ó kọ́kọ́ mú wa wo òkúta tí wọ́n tò bí ọkàn sínú ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Tolbooth wà kí wọ́n tó wó o ní 1817. Àwọn ará ìlú ṣì máa ń tutọ́ sí i tí wọ́n bá ń kọjá. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dúró.

Ilé ọtí àkọ́kọ́ kò jìnnà síbẹ̀, Deacon Brodie's Tavern, ní Lawnmarket. Ẹ má tíì wọlé, ẹ gbójú sókè wo pátákó rẹ̀ ná. Ní ojú kan, ọkùnrin ọlọ́lá ni wọ́n yà. Ẹ yí sí ojú kejì, olè lẹ ó bá níbẹ̀, ọkùnrin kan náà sì ni. William Brodie, gbẹ́nàgbẹ́nà àwọn olówó ni, òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú (ìtumọ̀ Deacon nìyẹn níbẹ̀, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì), ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1782, £10,000 ló jogún, yàtọ̀ sí ilé. Lọ́sàn-án, á lọ bá àwọn ọlọ́lá ṣe ilẹ̀kùn àti àpótí, á fi kọ́kọ́rọ́ wọn tẹ ìda. Lóru, á padà wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Tẹ́tẹ́ ló ń jẹ ẹ́ lówó, pẹ̀lú ìjà àkùkọ, àti àlè méjì tí ọ̀kan ò mọ̀ nípa èkejì. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ní oṣù Kẹta 1788, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọ́fíìsì àwọn agbowó-orí ọjà ní Chessel's Court, £16 péré ni wọ́n sì rí kó. Ọ̀kan nínú wọn lọ tú àṣírí. Brodie sá dé Amsterdam, wọ́n mú un bọ̀, wọ́n sì yẹgi fún un ní ẹ̀gbẹ́ Tolbooth yẹn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ní òun ti gbọ́ pé Brodie fúnra rẹ̀ ló kan igi tí wọ́n fi gbé e kọ́. Afinimọ̀nà mi orí. Ó ní gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́, ó sì dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé e lọ sílé bí òótọ́. Ibẹ̀ ni mo ti fọkàn tán an. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ń bu iyọ̀ sí ìtàn ló máa ń pa owó jù, nítorí náà, ẹni tó bá lè sọ pé "èyí ò dá mi lójú" níwájú àwọn tó ti sanwó, ẹ di aṣọ rẹ̀ mú.

Láti ibẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Grassmarket. Ọjà màlúù àti ẹṣin ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń yẹgi fún àwọn èèyàn títí di 1784. Lónìí, ilé ọtí ló yí i ká. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ The Last Drop, tó lè jẹ́ ẹ̀kán ọtí ìkẹyìn tàbí ìjábọ́ ìkẹyìn, àwàdà burúkú gbáà ni fún ibi tí okùn ti ń já èèyàn sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Maggie Dickson's wà, ibẹ̀ la sì wọ̀.

Maggie Dickson, ará Musselburgh ni. Ó lóyún, ó fi pa mọ́, ọmọ náà kú. Òfin 1690 sọ pé obìnrin tó bá fi oyún pa mọ́, tí kò wá ẹni tí yóò gbẹ̀bí rẹ̀, tí ọmọ sì kú, apànìyàn ni, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó fọwọ́ kan ọmọ náà. Wọ́n yẹgi fún un ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án 1724. Àwọn ẹbí gbé òkú rẹ̀ sínú pósí, wọ́n ń gbé e lọ sílé, ni wọ́n bá yà mutí ní Peffermill. Bí wọ́n ṣe ń mutí lọ́wọ́, pósí mì. Maggie dìde jókòó. Ó tún lo nǹkan bí 40 ọdún láyé, ó bímọ, àwọn èèyàn sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo àkúdàáyà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife omi ọsàn rẹ̀ sókè, ó ní, "Àbúrò, ká ní àwọn ẹbí yẹn kì í mutí ńkọ́? Wọn ì bá ti sin ín láàyè!" Àwọn tó jókòó tì wá fẹ́ mọ ohun tó sọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, òun ló sì di ẹni iyì tábìlì wa.

Nígbà tí a dé White Hart Inn, ẹ̀rín ti ń tán. Àwọn tó ni ín sọ pé láti 1516 ni ilé ìgbàlejò ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni afinimọ̀nà ti gbé ọ̀rọ̀ William Burke àti William Hare kalẹ̀, àwọn ará Ireland méjì tí wọ́n wá ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọ̀nà omi tó ń jẹ́ Union Canal. Hare àti ìyàwó rẹ̀ ní ilé tí wọ́n ń yá àlejò ní Tanner's Close, ní West Port, nítòsí ibi tí a jókòó sí. Ní oṣù Kọkànlá 1827, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Donald kú síbẹ̀. Àìsàn ló pa á, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó jẹ Hare ní £4. Ni wọ́n bá yọ òkú rẹ̀ kúrò nínú pósí, wọ́n fi èèpo igi dípò rẹ̀, wọ́n sì gbé òkú lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn.

Ẹ fi ọkàn sí owó náà. Nígbà yẹn, àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh pọ̀, òkú tí òfin gbà wọ́n láyè láti là sì kéré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jí òkú hú, tí àwọn olówó sì ń fi àgò irin bo sàréè. Ẹ lè rí irú àgò bẹ́ẹ̀ dòní ní itẹ́ òkú Greyfriars, lókè Grassmarket. Ọ̀jọ̀gbọ́n Monro, tó ń kọ́ni nípa ẹ̀yà ara èèyàn ní yunifásítì, ni Burke àti Hare kọ́kọ́ ń béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló darí wọn sí Dókítà Robert Knox ní Surgeons' Square. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Knox san £7 àti ṣílè 10 fún Donald. Hare gba £4 àti ṣílè 5, torí gbèsè tí Donald jẹ ẹ́, Burke kó ìyókù. Owó ọ̀pọ̀ oṣù iṣẹ́ lébìrà ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan yẹn. Kò sì pẹ́ tí wọn ò dúró de ikú mọ́. Wọ́n á fún èèyàn lọ́tí, tó bá ti yó, wọ́n á dì í nímú àti lẹ́nu títí ẹ̀mí á fi bọ́. Èèyàn 16 ni wọ́n pa báyìí ní 1828, tí wọ́n sì tà á fún Knox.

Ọ̀kan nínú wọn ni Mary Paterson, ọ̀dọ́bìnrin. Òkú rẹ̀ wu Knox tó bẹ́ẹ̀ tó fi rẹ ẹ́ sínú wìskí fún oṣù mẹ́ta kó tó là á. Ìgbà tí èyí tó pọ̀ nínú wa ní wìskí lọ́wọ́ ni obìnrin yìí sọ ọ̀rọ̀ náà, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rí ọkùnrin kan tó rọra sọ ife rẹ̀ kalẹ̀ tó sì tì í sẹ́yìn. James Wilson náà wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tí orí rẹ̀ kò pé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gún, gbogbo ìgboro ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní yàrá ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá a mọ̀. Knox ní kì í ṣe Wilson. Ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í là á, wọ́n sì gé orí àti ẹsẹ̀ kúrò.

Mo ti ń ronú kan òwe kan kó tó parí ọ̀rọ̀: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Àṣé àwọn ọmọdé Edinburgh ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nínú orin tí wọ́n ń kọ ládùúgbò, Burke ni alápatà, Hare ni olè, Knox sì ni ẹni tó ń ra ẹran.

Ohun tó fòpin sí i ni afinimọ̀nà fẹ́ sáré kọjá, torí àkókò ti ń lọ, ṣùgbọ́n èmi dá a dúró pẹ̀lú ìbéèrè. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1828, wọ́n pa obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Docherty. Ann Gray àti ọkọ rẹ̀ James, àwọn aláìní tí wọ́n wọ̀ sí ilé Burke, rí òkú rẹ̀ lábẹ́ koríko nídìí ibùsùn. Helen McDougal, obìnrin Burke, bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n dákẹ́, £10 lọ́sẹ̀ ló ń bọ̀ lọ́nà fún wọn. Iye tí Knox ń san fún òkú kan nígbà òtútù nìyẹn. Àwọn méjèèjì kọ̀, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá. Dókítà tó kàwé ò béèrè ibi tí òkú ti ń wá, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò sùn sí kọ owó. Brodie ní pátákó lókè, Maggie ní pátákó. Nínú gbogbo ilé tí a kọjá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò rí èyí tó ń jẹ́ Ann Gray. Mo bi afinimọ̀nà bóyá ó wà níbìkan. Ó ní òun náà ò tíì rí i, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, òun á máa dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ wọn.

West Port la parí sí. Kò sí nǹkan láti wò níbẹ̀, wọ́n ti wó Tanner's Close tipẹ́. Ẹgbẹ́ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn wa, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ti yó, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni ń fún ara wọn lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn, kó má mú alẹ́ Sátidé.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí Surgeons' Hall Museums, ilé ìkó-nǹkan-sí àwọn oníṣẹ́ abẹ, mo sì gba ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ìrìn yìí nímọ̀ràn pé kó lọ. Ẹjọ́ Burke àti McDougal bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, wọ́n sì dá Burke lẹ́bi ní àárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì. Hare ti di ẹlẹ́rìí ìjọba, wọ́n tú u sílẹ̀. Ti McDougal, wọ́n ní ẹ̀rí ò tó. Wọ́n yẹgi fún Burke ní Lawnmarket ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1829, ẹni tó sì la òkú rẹ̀ ni Monro yẹn gan-an, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń wá kiri lọ́jọ́ Donald. Egungun rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yunifásítì, níbi tí wọn kì í ṣí lójoojúmọ́, nítorí náà a ò rí i. Èyí tó wà ní Surgeons' Hall ni ìwé àpò kékeré kan tí wọ́n fi awọ ara rẹ̀ ṣe èèpo fún. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti bàtà àtijọ́, wọ́n sì fi wúrà kọ ọ̀rọ̀ sí i. Wọn ò gbà kéèyàn ya fọ́tò níbẹ̀.

Knox ò fojú kan ilé ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ kan wádìí rẹ̀, wọ́n ní kò mọ̀ pé pípa ni wọ́n ń pa wọ́n. Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, òun ni alábòójútó ilé ìkó-nǹkan-sí àwọn oníṣẹ́ abẹ, ìyẹn èyí tó di Surgeons' Hall Museums tí ìwé àpò yẹn wà lónìí, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1831.