Bí Bátìrì Ilé Ṣe Ń Kún Nínú Ọkọ̀ Fáànù Tí Mò Ń Gbé

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé inú ọkọ̀ fáànù ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bátìrì méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń ṣíná mọ́tò, ìkejì, bátìrì ilé, ló ń gbé iná, fíríìjì àti fóònù mi. Ẹ má so wọ́n pọ̀ ní tààrà. Bí fíríìjì bá fa méjèèjì gbẹ mọ́jú, mọ́tò ò ní ṣíná, iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ nìyẹn.

Bátìrì ilé tí mo kọ́kọ́ rà, alásíìdì, kò lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Mo máa ń lò ó títí iná á fi máa tàn bàìbàì, màá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ohun tó pa á gan-an nìyẹn. Bí bátìrì alásíìdì bá ṣófo pẹ́, nǹkan líle kan á ṣù mọ́ òjé inú rẹ̀ bí iyọ̀, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́.

Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná bátìrì ni mo fi ń jí báyìí. Kí oòrùn tó yọ, kí n tó tan ohunkóhun, màá fi ẹnu pupa kan orí tó ní àmì àròpọ̀, màá fi dúdú kan ìkejì. Bí mo bá rí 12.7 volt lórí bátìrì alásíìdì, ó kún. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé ìdajì, mi ò sì jẹ́ kó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tó ń gba ṣájì o. Òǹkà yẹn á tàn yín.

Sólà 200 watt tó wà lórí ọkọ̀ ń tó mi lóṣù kẹfà. Lóṣù kejìlá, ojúmọ́ ibí kì í pé wákàtí mẹ́jọ, oòrùn ò sì gòkè púpọ̀. Òjìji ẹ̀ka igi kan péré lè dín agbára sólà kù gan-an, nítorí náà mi ò kí ń páàkì sábẹ́ igi.

Alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nígbà tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́, ló ń gbà mí nígbà òtútù, nípasẹ̀ ṣajá DC-DC tó wà láàárín bátìrì méjèèjì, tó ń gbé iná lọ sí ti ilé. Tèmi jẹ́ 30 amp: bí mo bá wakọ̀ fún wákàtí kan, iná tí fíríìjì máa lò fún nǹkan bí ọjọ́ kan ti wọlé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ tó kẹ́yìn kí bátìrì alásíìdì tó kún tán kì í yá, nítorí náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo máa ń sanwó ibi tí wọ́n ti ní iná ìjọba, kó gba ṣájì mọ́jú.

Bó bá jẹ́ lítíọ́mù lẹ rà, ẹ má ṣájì í nígbà tí inú rẹ̀ bá tutù ju 0°C lọ. Abẹ́ ibùsùn ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe ìta.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa, nítòsí bátìrì gan-an. Lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ fọwọ́ kan ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn: bó bá gbóná, ìdè rẹ̀ ti tú, ẹ pa gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un pọ̀ kẹ́ ẹ tó sùn.