Ṣé òṣèlú ọ̀gá ló já owó Tesla wálẹ̀? Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra tòkunbọ̀ l'Óṣogbo

Bí oníṣòwò ọkọ̀ bá ní òṣèlú Elon Musk, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ oníná Tesla, ló já owó ọkọ̀ Tesla wálẹ̀, ẹ má kàn gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣe é yẹ̀ wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ọkọ̀ náà ṣì ń tà: iye tó tà ní oṣù mẹ́ta ni kí ẹ fi wé ti oṣù mẹ́ta kan náà lọ́dún tó ṣáájú. Tesla kó ọkọ̀ 386,810 fún oníbàárà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó di 336,681. Ìgbà yẹn ni Musk ń bá ìjọba Trump gé òṣìṣẹ́ ìjọba kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn kan náà ni wọ́n dá iṣẹ́ Model Y, ọ̀kan lára ọkọ̀ Tesla, dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n lè gbé ti tuntun jáde. Ẹ ò lè fi iye yìí nìkan dá ẹjọ́.

Ẹ wá fi bí Tesla ṣe ń tà wé ti gbogbo ọkọ̀ oníná ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń hàn. Ní January 2025, Musk ń polongo fún ẹgbẹ́ òṣèlú AfD ní Jámánì. Lóṣù náà, ọkọ̀ oníná tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fi ju ìdajì lọ pọ̀ sí i, àmọ́ ti Tesla já sí 1,277, ó dín ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100. Model Y tuntun dé, síbẹ̀ nígbà tí ọdún fi máa parí, Tesla ò tíì gba ipò rẹ̀ padà níbẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ míì náà ń du oníbàárà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òṣèlú wà níbẹ̀.

Ẹ wo owó ìrànwọ́ ìjọba pẹ̀lú. Dọ́là 7,500 tí Amẹ́ríkà ń fi ran àwọn tó ń ra ọkọ̀ oníná lọ́wọ́ parí ní September 30, 2025. Àwọn èèyàn sáré rà á ṣáájú. Ọkọ̀ Tesla 497,099 ló dé ọwọ́ oníbàárà láàárín oṣù mẹ́ta tó parí lọ́jọ́ yẹn. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó já. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá.

Bó bá jẹ́ òṣèlú ló já owó rẹ̀, bátìrì ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ owó náà ṣì lè já sí i, nítorí náà ẹ má rà á bí ẹ bá fẹ́ tún un tà láàárín ọdún kan. Ẹ gba nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó ti wọ omi tàbí ó ti ní jàǹbá. Ẹ béèrè bí agbára bátìrì ṣe pọ̀ tó nígbà tó bá kún, kí ẹ fi wé ti tuntun. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́: ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán ń gbé bíi kílówáàtì 2.5, bátìrì tó ń gba kílówáàtì-wákàtí 60 (60 kWh) tó ti gbẹ yóò gba nǹkan bí wákàtí 24 tí iná ò lọ rárá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ iye wákàtí tí NEPA ń gbé iná wá sí àdúgbò yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.